Òkúta gbígbẹ kò gbọdọ̀ kánjú wọ táńkì ẹja
Táńkì omi iyọ̀ mi ti dàgbà, ẹja inú rẹ̀ ti mọ omi wọn lára. N kò ní torí ẹwà òkúta gbígbẹ (òkúta onihò tí kò sí ohun alààyè lára rẹ̀ mọ́) tí mo fẹ́ fi kún un da ilé wọn rú. Mo kọ́kọ́ fi búrọ́ọ̀ṣì ha ẹ̀gbin tó gbẹ mọ́ ihò ara òkúta náà (òórùn yẹn kò ṣeé fẹnu sọ!). Ó ti wà nínú ike omi iyọ̀ báyìí, nínú òkùnkùn kí ewédò má baà hù sí i. Ẹ̀rọ ń ru omi náà, ó sì lọ́ wọ́ọ́rọ́ ní nǹkan bí 25°C. Mo fi òkúta kékeré kan láti inú táńkì sí i kí bakitéríà rere tó ń pa májèlé inú omi run lè ràn. Phosphate, èròjà tó ń bọ́ ewédò, ni alágídí, torí inú òkúta gan-an ló ti ń jáde, nítorí náà mo ń pààrọ̀ omi ṣáá. Bí ammonia àti nitrite, májèlé tí ẹ̀gbin ń mú jáde sínú omi, bá di 0, tí phosphate náà sì rọlẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni màá máa gbé àwọn òkúta náà wọ táńkì.