Ohun tí èdè ń fi dandan mú wa sọ

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé kọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá èdè, wọ́n máa sọ fún yín pé èdè ayé lé ní 7,000, pé Papua New Guinea nìkan ní ju 800 lọ. Òótọ́ ni, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ kọjá jàre.

Ohun tó là mí lójú nínú iṣẹ́ yìí ni pé kò fẹ́ẹ̀ẹ́ sí nǹkan téèyàn ò lè fi èdè èyíkéyìí sọ, ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ ni ohun tí èdè fi dandan mú ẹ sọ, o fẹ́ o kọ̀. Roman Jakobson, onímọ̀ ẹ̀dá èdè, ti sọ ọ́ láti 1959, àmọ́ ìgbà téèyàn bá fọwọ́ ara ẹ̀ tú gbólóhùn palẹ̀ ló máa ń yé e dáadáa.

Ẹ wo èdè Tọ́kì. Tẹ́nì kan bá dé tó sì ṣojú yín, "geldi" lẹ máa sọ, tó bá jẹ́ wọ́n sọ fún yín ni, tàbí bàtà ẹ̀ lẹ kàn rí lẹ́nu ọ̀nà tẹ́ ẹ fi mọ̀, ó ti di "gelmiş" nìyẹn. Kò síbi tẹ́ ẹ fẹ́ sá gbà o. Èdè Tuyuca ní Amazon tún wá le jùyẹn lọ: tẹ́ ẹ bá fojú rí i ọ̀tọ̀, tẹ́ ẹ bá gbọ́ ìró ẹ̀ ọ̀tọ̀, tó bá jẹ́ àmì lẹ rí, tó bá jẹ́ wọ́n ní wọ́n pé, tó bá jẹ́ ẹ kàn gbà pé bó ṣe máa rí nìyẹn, gbogbo ẹ̀ ló ní ìparí ọ̀rọ̀ ìṣe tiẹ̀. Mo máa ń ronú nípa bí olófòófó ṣe ń ṣe níbẹ̀ sha.

Èdè Guugu Yimithirr ní Ọsirélíà kì í sọ pé nǹkan wà lọ́wọ́ ọ̀tún tàbí lọ́wọ́ òsì, àríwá tàbí gúúsù ni, ìyẹn ni pé ọmọ tó ń sọ ọ́ gbọ́dọ̀ mọ ibi tí àríwá wà nígbà gbogbo, títí kan inú yàrá.

Ti ìró èdè ò le tó bẹ́ẹ̀ lójú tèmi. Èdè Rotokas ní Papua New Guinea ò ju kọ́ńsónáǹtì mẹ́fà lọ, èdè Ubykh tó ti kú ní tiẹ̀ ní 80 ó lé, ìgbà tí Tevfik Esenç, ẹni tó gbọ́ ọ gbẹ̀yìn, kú ní 1992 ni kò sẹ́ni tó ń sọ ọ́ mọ́.

Tẹ́ ẹ bá wá ń lọ gba dátà, ẹ má gbé lísítì ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì dání o, torí gírámà Gẹ̀ẹ́sì náà lẹ máa gbé padà wálé. Ẹ jẹ́ kí àwọn tó ni èdè máa bára wọn sọ̀rọ̀, ẹ gbà á sílẹ̀, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ yọ ẹyọ kan kúrò nínú gbólóhùn kẹ́ ẹ bi wọ́n bóyá ó ṣì dùn létí, èyí tí wọ́n bá ní kò ṣeé yọ, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ jókòó tì. Èdè àwọn adití náà wà níbẹ̀ o, ẹ má fò ó: Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ láyìíká wọn ní Amẹ́ríkà àti Gẹ̀ẹ́sì náà ni ní Bìrìtéènì, síbẹ̀ èdè ọwọ́ wọn ò yéra, ti Faransé ni ti Amẹ́ríkà bá tan.