Ilé tí wọ́n ń kó yìnyín sí nínú aṣálẹ̀ Ìránì, àti ohun tó kàn wá níbẹ̀

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ yakhchal lónìí. Ilé yìnyín ayé àtijọ́ ni, àwọn ará Páṣíà, ìyẹn Ìránì àtijọ́, ló ń kọ́ ọ, ó ṣì kù ní àwọn ìlú Meybod, Abarkuh àti Kerman, níbi tó jẹ́ pé oòrùn ibẹ̀ kì í ṣe kékeré rárá.

Òrùlé amọ̀ ṣóńṣó lẹ máa rí látìta, ìsàlẹ̀ ògiri ẹ̀ lè nípọn tó mítà 2. Amọ̀, iyanrìn, eérú, irun ewúrẹ́ àti funfun ẹyin wà lára nǹkan tí wọ́n ń pò pọ̀ fi rẹ́ ẹ, omi ò lè gbabẹ̀ wọlé. Ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ni ògiri gígùn kan wà tó na láti ìlà oòrùn lọ sí ìwọ̀ oòrùn, abẹ́ òjìji ògiri yẹn ni wọ́n gbẹ́ kòtò pẹlẹbẹ sí, tó bá di alẹ́ ìgbà òtútù wọ́n á jẹ́ kí omi ṣàn sínú ẹ̀, díẹ̀ báyìí. Ibi tó wú mi lórí jù nìyí o: omi yẹn lè dì nígbà tí afẹ́fẹ́ gan-an ò tíì tutù tó bẹ́ẹ̀! Ojú ọ̀run tó mọ́ tó sì gbẹ ló ń jẹ́ kí ooru inú omi jáde lọ sókè. Ilẹ̀ á mọ́, wọ́n á fọ́ yìnyín, wọ́n á kó o sí kòtò inú ilé, wọ́n á fi koríko gbígbẹ bò ó, ó di ìgbà ooru.

Ní 2014, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Aaswath Raman, àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ní Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà ṣe nǹkan pẹrẹsẹ kan tó fi nǹkan bíi dígírì 5 tutù ju afẹ́fẹ́ lọ lábẹ́ oòrùn, láìlo iná. Ọgbọ́n ojú ọ̀run kan náà ni.

Àmọ́ ọ̀rinrin pọ̀ jù lójú ọ̀run Èkó, ìyẹn ò lè fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ fún wa. Èyí tó kàn wá ni títọ́jú òtútù pa mọ́. Owó bátìrì ló ń dá ọ̀pọ̀ èèyàn dúró lórí ọ̀rọ̀ sólà, bẹ́ẹ̀ fíríìjì abẹ́rẹ́ àjẹsára kan wà tí kò lo bátìrì rárá, sólà á fi ọ̀sán ṣe yìnyín, yìnyín á gbé e di ọjọ́ kejì. Àwọn ìyá tó ń ta ẹja lọ́jà ń fowó epo jẹnẹrétọ̀ ṣòfò lójoojúmọ́ kí ẹja má bàa bà jẹ́. Irú fíríìjì sólà yẹn, ńlá, ló yẹ kí ìjọba ìbílẹ̀ kọ́kọ́ gbé sọ́jà ẹja kí wọ́n tó ra iná ojú títì míì.