Ilé Wo Ni Iṣẹ́ Àṣetiléwá Yín Ń Lọ?

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọṣẹ́ tíṣà, pàápàá ẹ̀yin tí wọ́n fún ní kíláàsì àwọn ọmọ kékeré n'Ílọrin, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ àṣetiléwá ni mo fẹ́ bá yín sọ. Ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, wọ́n á ti kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń kọ nóòtì ẹ̀kọ́, bí wọ́n ṣe ń lo pátákó, bí wọ́n ṣe ń fi ìbéèrè dán ọmọ wò. Ohun tí iṣẹ́ fúnra rẹ̀ fi kọ́ mi ni pé iṣẹ́ tí ẹ bá kọ sójú pátákó lọ́sàn-án, ilé kan ló ń lọ, ẹnìkan ló sì máa jókòó ti ọmọ náà lálẹ́. Tí ẹ kò bá ro ti ẹni yẹn mọ́ ọn, wàhálà lẹ fi ránṣẹ́ sílé onílé.

Ẹ wo bí ọjọ́ ọmọ Ìlọrin ṣe ń rí. Ọmọ tó ń gbé ní Òkè Lẹ́lẹ̀ tàbí Pákátà, tó bá ti ilé ìwé dé, á bọ́ yunifọ́ọ̀mù, á jẹun, á gbé wàláà tàbí Kùránì rẹ̀, ó di ilé kéwú. Ìgbà tó bá fi máa jáde níbẹ̀, oòrùn ti ń wọ̀. Ẹlòmíì á tún ya ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ lọ́jà, á bá a palẹ̀ ọjà mọ́, wọ́n á jọ ru ẹrù wálé. Wọ́n á kírun Mọ̀gàríbì, wọ́n á dáná alẹ́, wọ́n á kírun Ìṣáì, kí ẹnikẹ́ni tó rántí pé tíṣà fún ọmọ níṣẹ́. Bí iná mànàmáná bá lọ, tọ́ọ̀ṣì fóònù ni wọ́n á fi máa wo ìwé, bẹ́ẹ̀ bátìrì fóònù ọ̀hún lè máa kú lọ. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ti ń tòògbé. Ìgbà yẹn gan-an ni ìbéèrè ogún tí ẹ kọ fún un délé.

Nítorí náà, ẹ dín in kù. Harris Cooper, ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Yunifásítì Duke ní Amẹ́ríkà, òun àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ kó ọ̀pọ̀ ìwádìí lórí ọ̀rọ̀ yìí jọ, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2006. Wọ́n rí i pé àǹfààní iṣẹ́ àṣetiléwá máa ń hàn dáadáa lára àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì, ṣùgbọ́n lára àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, kò fi bẹ́ẹ̀ hàn. Ìwọ̀n tí wọ́n sábà máa ń lò lọ́hùn-ún ni ìṣẹ́jú 10 fún kíláàsì kìíní, 20 fún kíláàsì kejì, kí ó máa fi 10 lé sí i bẹ́ẹ̀. Ní tèmi, fún ọmọ tó ti lọ sílé ìwé, tó tún ti lọ sí kéwú, ìyẹn gan-an ti fẹ́ pọ̀ jù. Ìbéèrè mẹ́ta tó lórí tó nídìí ti tó ọmọ pírámárì 3.

Ẹ tún mọ ọjọ́ tí ẹ ó fún wọn. Ọ̀pọ̀ ilé kéwú wa ló máa ń sinmi ní Àlàmísì àti Jímọ̀ọ̀, tí wọ́n á tún wọlé padà ní Sátidé. Ọ̀sán Àlàmísì ni ọmọ ní àyè jù lọ nínú ọ̀sẹ̀, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ tíṣà ni kì í kà á sí. Ọjọ́ Jímọ̀ọ̀ ni wọ́n máa ń di ẹrù lé ọmọ lórí, wọ́n á ní ìparí ọ̀sẹ̀ ti dé. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn ọmọ yín kẹ́ ẹ tó pinnu, torí gbogbo ilé kéwú kọ́ ló ń ṣe bákan náà. Bí wọ́n bá sì gbé yín lọ sí ìhà Gúúsù Kwara, bí i agbègbè Ọmù-Àrán tàbí Ìgbàjà, ẹ tún ojú ìwòye yín ṣe. Níbẹ̀, ọ̀dọ̀ ìyá àgbà ni ọ̀pọ̀ ọmọ wà, àwọn òbí wọn wà ní ìlú ńlá níbi tí wọ́n ti ń wá oúnjẹ òòjọ́. Ìyá àgbà lẹ ń bá ṣe nìyẹn o, kì í ṣe bàbá tàbí ìyá ọmọ, ojú rẹ̀ sì lè má ríran dáadáa mọ́ lálẹ́.

Ọ̀rọ̀ tí ẹ ó gbọ́ jù lẹ́nu àwọn òbí ni èyí: "Àǹtí, mi ò mọ̀wé o, báwo ni mo ṣe fẹ́ bá a ṣe é?" Ojú máa ń tì wọ́n bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Òmíràn ò tiẹ̀ ní sọ ọ́, kò kàn ní wá sí ìpàdé òbí àti olùkọ́ mọ́ ni. Ẹ̀yin náà á wá rò pé kò bìkítà.

Ohun tí mo máa ń dá wọn lóhùn ni pé, "Alájà, ta ló ń kọ́ ọmọ yín ní kéwú nílé?" Wọ́n á ní kò sẹ́nì kankan. Wọ́n á ní Àfáà ló ń kọ́ ọ, àwọn kàn máa ń ní kó ka èyí tí wọ́n kọ́ ọ lónìí sétígbọ̀ọ́ àwọn ni. Bó bá kà á geere, wọ́n á mọ̀. Bó bá ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, wọ́n á ní kó padà sẹ́yìn, kó tún un kà. Nígbà tó bá yá, ọmọ yẹn á parí Kùránì, wọ́n á ṣe wòlímà fún un, ìyá tí kò dá álífù mọ̀ á jó lọ́jọ́ náà, ijó rẹ̀ sì tọ́ sí i, torí òun ló jókòó tẹ́tí lálaalẹ́. Àfáà kò fìgbà kan sọ fún un pé kó wá kọ́ ọmọ ní kéwú. Ohun tó gbé fún un ni ohun tí agbára rẹ̀ ká. Èyí ni kí àwa náà ṣe.

Iṣẹ́ òbí nílé kò ju kó wá àyè fún ọmọ, kó ní kí wọ́n pa tẹlifíṣọ̀n, kó jókòó sítòsí, kó sì béèrè ọ̀rọ̀ díẹ̀ ní èdè tó gbọ́. Mo máa ń kọ́ wọn ní àwọn ìbéèrè náà, mo sì máa ń fi ohùn mi ránṣẹ́ sórí WhatsApp kíláàsì wa ní Yorùbá, torí ẹni tí kò lè ka nǹkan á lè tẹ́tí gbọ́ ọ. "Kí ni tíṣà ní kẹ́ ẹ ṣe?" "Kà á sókè kí n gbọ́." "Báwo lo ṣe ṣe èyí tó wà lókè yìí?" "Ibo ló ti rú ọ lójú?" Ọmọ tó bá fẹnu ara rẹ̀ ṣàlàyé fún ìyá rẹ̀, ọ̀pọ̀ ìgbà ló máa ń rí àṣìṣe rẹ̀ kí ìyá tó sọ nǹkan kan.

Ẹ má sì rò pé ẹni tí kò mọ̀wé kò mọ ìṣirò. Ìyá kan wà tó ń ta tòmátì àti tàtàsé ní ọjà Ìpàta, tí ọmọ rẹ̀ wà ní kíláàsì mi. Mo fún wọn ní ìyọkúrò: yọ 650 kúrò nínú 1000. Ọmọ kọ ọ́ sílẹ̀ lórí ara wọn, ó yá ọ̀kan, ó gbàgbé pé òun ti yá a, ó kọ 450. Ìyá rẹ̀ ní kí ó sọ ohun tó wà níbẹ̀ fún òun bí ẹni ń sọ ọ̀rọ̀ owó. Ọmọ ní, "Ẹnìkan mú ẹgbẹ̀rún náírà wá, ó ra ọjà ẹgbẹ̀ta ó lé àádọ́ta." Ìyá ò fi bírò kan ìwé. Ó ní, "Fi àádọ́ta lé ọjà rẹ̀, ó di ẹẹ̀dẹ́gbẹ̀rin. Fi ọ̀ọ́dúnrún lé e, ó di ẹgbẹ̀rún. Ọ̀ọ́dúnrún ó lé àádọ́ta ni ṣéńjì rẹ̀. Ìwọ fún un ní irínwó ó lé àádọ́ta, o ti fi ọgọ́rùn-ún náírà mi tọrẹ!" Ọmọ náà padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀, ó wá ibi tí ọgọ́rùn-ún yẹn gbà lọ títí ó fi rí i. Lọ́jọ́ kejì, ó sọ ọ́ fún mi tẹ̀ríntẹ̀rín, mo sì ní kó wá sójú pátákó wá ṣe ti ìyá rẹ̀ àti tèmi fún gbogbo kíláàsì.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rí mú níbẹ̀ ni pé ìyá yẹn ò gba bírò lọ́wọ́ ọmọ. Àwọn òbí tó mọ̀wé ni wọ́n máa ń gbà á. Bàbá á ní bí wọ́n ṣe kọ́ òun láyé òun nìyí, ọmọ á ní Àǹtí ò ṣe é bẹ́ẹ̀, bàbá á gbaná jẹ, ọmọ á bẹ̀rẹ̀ ẹkún. Mo mọ ilé tí èyí ti ń fa ìjà láàárín tọkọtaya. Ohun tó ń paná rẹ̀ kò le: ẹ yanjú ìbéèrè kan pátápátá sí òkè iṣẹ́ náà, ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, kí ọmọ dà á kọ sínú ìwé rẹ̀ kó tó kúrò ní kíláàsì. Nígbà tí òbí bá ti rí ọ̀nà tí ẹ gbà, á tẹ̀ lé e. Tí kò bá sì tẹ̀ lé e, ọmọ á ní ohun tó máa nawọ́ sí.

Ní Tánkẹ́ àti ní àwọn àdúgbò tí owó ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ díẹ̀, tíṣà lẹ́sìnnì ló máa ń ṣe iṣẹ́ náà tán pátá, ọmọ á kàn dà á kọ. Ẹ ó mọ̀ ọ́n. Gbogbo rẹ̀ á pé, kò ní sí ibi tí wọ́n ti parẹ́ rárá, bẹ́ẹ̀ tí ẹ bá pe ọmọ sójú pátákó, kò ní mọ ibi tó máa gbà. Ẹ má na ọmọ. Ẹ má sì dójú ti òbí níwájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ohun tí mo máa ń sọ fún wọn ni pé iṣẹ́ tí ọmọ ṣì ni mo fẹ́ rí, torí òun ló máa sọ ohun tí mo gbọ́dọ̀ tún kọ́ lọ́la. Tí gbogbo ìwé bá pé, màá tẹ̀ síwájú, ọmọ yẹn á sì dúró sẹ́yìn láìsí ẹni tó mọ̀.

Mo wá bá àwọn òbí ọmọ kíláàsì mi ṣe àdéhùn kan. Tí ọmọ bá ti gbìyànjú, tí kò yé e, tí alẹ́ sì ti lẹ́, kí wọ́n fa ìlà sábẹ́ ibi tó dé, kí wọ́n kọ "ó dé ibi yìí", tàbí kí wọ́n kàn fọwọ́ sí i, kí ọmọ lọ sùn. Ìlà yẹn ju èsì tó pé lọ lójú mi. Àmọ́ o, ẹ̀yin tíṣà lẹ lè ba àdéhùn yìí jẹ́. Bí ẹ bá fi bùlálà kan ọmọ kan ṣoṣo nítorí ìlà yẹn, títí táámù á fi parí, kò sí òbí tó máa tún fà á mọ́. Wọ́n á máa bá ọmọ ṣe é ni.

Kádíbọ́ọ̀dù, àwòrán aláwọ̀ mèremère, "ẹ lọ tẹ̀ ẹ́ jáde ní kọ̀ǹpútà": ẹ jáwọ́ nínú fífi irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ sílé. Òbí tó ní ọmọ mẹ́rin nílé ìwé ò lè máa sáré kiri ilé ìtẹ̀wé lálẹ́ nítorí àwòrán ẹja. Ohun tí ẹ máa lò wà nílẹ̀ láìnáwó. Ọmọ Òkè Lẹ́lẹ̀ lè bi àwọn ìyá tó ń mọ ìkòkò ní Dáda léèrè irú amọ̀ tí wọ́n ń lò àti ìdí tí wọ́n fi ń sun ún. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ ń hun òfì lè ka iye àwọ̀ tó wà lára aṣọ tó wà lórí òfì, kó sì wọn fífẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú rúlà. Irú iṣẹ́ báyìí, òbí ló máa di ọ̀mọ̀wé, ọmọ á sì rí i bẹ́ẹ̀.

Bákan náà ni ìwé kíkà. Tí ẹ bá ní kí ọmọ ka ojú ìwé kan ní Gẹ̀ẹ́sì nílé, ẹ fi kún un pé kó ròyìn rẹ̀ fún ẹnìkan ní Yorùbá. Àwọn kan á ní ẹ fẹ́ fa ọmọ sẹ́yìn. Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Ifẹ̀ ní 1970, níbi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún odidi ọdún mẹ́fà, tí Gẹ̀ẹ́sì sì dá dúró bí ẹ̀kọ́ kan láàyè ara rẹ̀. Àwọn ọmọ yẹn ò rẹ̀yìn. Wọ́n ṣe dáadáa ju àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ lọ, títí kan Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀.

Iṣẹ́ tí ẹ kò bá ní lè máàkì, ẹ má fún wọn. Mo mọ̀ pé àwọn ọmọ inú kíláàsì pọ̀, mo mọ̀ pé ọwọ́ kan ò lè gbé e. Ẹ jẹ́ kí wọ́n pààrọ̀ ìwé láàárín ara wọn, kí ẹ jọ yanjú rẹ̀ lójú pátákó, kí ẹ̀yin sì gba ìwé àwọn ọmọ tó jókòó lórí ìlà kan péré lójúmọ́ láti wò ó fínnífínní. Òbí tó gbé fìtílà dúró ti ọmọ, tó wá rí i lọ́jọ́ kẹta pé ẹnikẹ́ni ò fi bírò pupa kan iṣẹ́ náà, kò ní dìde lọ́jọ́ kẹrin.

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí ẹ bá gba kíláàsì, kẹ́ ẹ tó fún wọn ní iṣẹ́ kankan, ẹ mú ìwé kan, kẹ́ ẹ kọ orúkọ ọmọ kọ̀ọ̀kan sí i. Ẹ bi wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ní ohùn jẹ́jẹ́: Ọ̀dọ̀ ta lo ń gbé? Ta ló máa ń wà nílé lálẹ́? Aago mélòó lo máa ń ti kéwú dé? Ṣé ẹnìkan wà nílé yín tó ti ṣe irú kíláàsì yìí rí, ẹ̀gbọ́n ni, ará ilé ni? Ẹ tọ́jú ìwé yẹn sínú dúrọ́ọ̀ yín, kẹ́ ẹ sì máa ṣí i wò kẹ́ ẹ tó gbé ṣọ́ọ̀kì.