Owó Màmá Wa Ni Mo Gbé Sórí Pẹpẹ

Ẹ bá mi yin Olúwa! Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, mo jẹ́rìí níwájú ìjọ, ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú márùn-ún péré ni wọ́n fún olúkúlùkù ẹni tó fẹ́ dúpẹ́, ẹni tó ń di agogo mú kò sì fi ojú àánú wò mí rárá. Ibi tó dùn nínú ọ̀rọ̀ náà nìkan ni mo rí sọ: pé màmá wa ṣubú, pé egungun ìbàdí wọn kán, pé wọ́n lo ọ̀sẹ̀ méje lórí ibùsùn ilé ìwòsàn, pé Ọlọ́run gbé wọn dìde. Gbogbo ìjọ hó yèè. Nígbà tí mo padà jókòó, ara mi ò balẹ̀, nítorí mo mọ̀ pé ìdajì ẹ̀rí ni mo jẹ́. Ìdajì tó kù ni mo fẹ́ kọ síbí. Òun ló wúwo jù.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí mọ̀ pé mi ò kì í fi iṣẹ́ Ọlọ́run ṣeré. Bí wọ́n bá ní ìsọ́ òru yóò bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́wàá, èmi á ti débẹ̀ ní aago mẹ́jọ, máa ti máa to àga. Bí wọ́n bá kéde ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ mẹ́ta, máa fi méjì lé e. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti yàn mí sínú ìgbìmọ̀ ìkọ́lé, mi ò pa ìpàdé kan jẹ. Wọ́n ń pè mí ní Arákùnrin Oníná, orúkọ náà sì ń dùn mọ́ mi ju bó ṣe yẹ lọ. Bíbélì ńkọ́? Mò ń kà á. Ó kàn jẹ́ pé bí ẹni tó ń wá ohun tí yóò sọ fún ẹlòmíràn ni mo ṣe ń kà á.

Àwa mẹ́rin ni màmá wa bí, èmi ni àkọ́bí. Lẹ́yìn tí bàbá wa papò dà, a fẹnu kò pé kálukú yóò máa dá owó lóṣooṣù, kí á máa kó o pamọ́ de ọjọ́ tí ara àgbà bá bẹ̀rẹ̀ àrékérekè. Ọwọ́ mi ni wọ́n ní kó wà. Àbúrò mi obìnrin tó tẹ̀ lé mi ló dá a lábàá. Ó ní, "Bọ̀dá mi bẹ̀rù Ọlọ́run. Kò sí ohun tó máa ṣe owó náà lọ́wọ́ wọn."

Ní alẹ́ ọjọ́ kan, a ń ṣe ìsọjí, a sì ń wá owó tí a ó fi kan òrùlé ilé ìjọsìn wa. Oníwàásù tó jẹ́ àlejò wa sọ̀rọ̀ dáadáa, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni lọ mú owó olówó wá. Èmi ni mo gbọ́ ohun tí kò sọ. Ara mi ń gbọ̀n, omijé ń dà lójú mi, mo fẹ́ ṣe nǹkan ńlá fún Ọlọ́run, owó tèmi kò sì tó nǹkan ńlá. Bẹ́ẹ̀ ni ọkàn mi lọ sórí owó màmá. Mo sọ fún ara mi pé: ara wọn le koko báyìí, bí mo bá gbé e fún Ọlọ́run, yóò dá a padà ní ìlọ́po kí ẹnikẹ́ni tó bèèrè rẹ̀, ta ló sì lè tọ́jú màmá ju Ọlọ́run lọ? Kí ilẹ̀ tó mọ́, mo ti fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sínú àpò ìkọ́lé. Mo sùn bí ọmọ ọwọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró díẹ̀ níbí yìí. Ẹkún tí mo sun lálẹ́ ọjọ́ náà, ẹkún òótọ́ ni. Mi ò ṣe é kí èèyàn lè rí mi, nítorí mi ò tilẹ̀ kọ orúkọ sí i. Bí ẹnì kan bá là mí láyà lóru ọjọ́ yẹn, ìfẹ́ Ọlọ́run ló máa bá níbẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń bà mí lẹ́rù gan-an nìyẹn.

Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà ni màmá yọ̀ ṣubú ní ilé ìwẹ̀. Dókítà wo fọ́tò egungun wọn, ó ní ọrùn egungun itan ló kán, wọ́n nílò iṣẹ́ abẹ, kó má sì pẹ́. Ó ṣàlàyé pé bí àgbàlagbà bá fi ìbàdí tó kán dùbúlẹ̀ pẹ́ jù, ara ẹ̀yìn rẹ̀ lè bó di egbò, ẹ̀jẹ̀ lè dì nínú iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀, àrùn sì lè wọ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Àbúrò mi obìnrin yíjú sí mi, ojú rẹ̀ mọ́ kedere, kò sí ìfòyà kankan níbẹ̀. Ó ní, "Bọ̀dá mi, ẹ jẹ́ ká lọ san owó."

Mo ní, "Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbàdúrà."

Bí mo bá rántí gbólóhùn yẹn, ojú máa ń tì mí. Àdúrà kì í ṣe ibi ìfarapamọ́, ṣùgbọ́n mo sá wọ inú rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ń lé. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi gbààwẹ̀ láìfi omi kan ẹnu. Mo rán Ọlọ́run létí irúgbìn mi, mo ka ìlérí rẹ̀ sí i létí, mo tilẹ̀ bínú sí i. Ọ̀run dákẹ́. Ní ọjọ́ kẹrin, àbíkẹ́yìn wa wá bá mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn. Ó ní, "Bọ̀dá, ẹ má bínú o. Owó yẹn, ṣé ó wà?" Mo sọ fún un. Kò pariwo. Ó wò mí títí, ó wá gbé fóònù rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan láti yá owó. Mo dúró síbẹ̀, mò ń gbọ́ bó ṣe ń bẹ wọ́n.

Ọjọ́ kọkànlá ni wọ́n tó ṣe iṣẹ́ abẹ náà. Nígbà yẹn, ara ẹ̀yìn màmá ti bó, ikọ́ sì ti wọlé. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, òru méjì wà tí àwọn dókítà ò fi ìdánilójú kankan bá wa sọ̀rọ̀.

Ní òwúrọ̀ lẹ́yìn òru àkọ́kọ́, mo lọ bá alàgbà kan nínú ìjọ wa. Mo rò pé yóò gbàdúrà fún mi, kí n máa lọ. Ìbéèrè kan ló bi mí: "Ṣé owó tìrẹ ni?" Ó ṣí Máàkù orí 7, ó ní kí n kà á sókè láti ẹsẹ 9. Àwọn Farisí ń kọ́ ọmọ pé bó bá ti lè pe ohun tó yẹ kó fi ran bàbá tàbí ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ ní Kọ́bánì, ìyẹn ẹ̀bùn fún Ọlọ́run, ó ti bọ́ lọ́wọ́ wọn nìyẹn. Jésù ní wọ́n ti fi bẹ́ẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run di asán. Mo ti ka orí yẹn lọ́pọ̀ ìgbà. Àwọn Farisí ni mo máa ń rí níbẹ̀.

Alàgbà náà ò tíì parí. Ó mú mi lọ sí 2 Sámúẹ́lì orí 24, níbi tí Arauna ti fẹ́ fún Dáfídì ní ilẹ̀ ìpakà, màlúù àti igi ẹbọ lọ́fẹ̀ẹ́. Dáfídì kọ̀, ó ní òun ò ní fi ohun tí kò ná òun ní nǹkan kan rúbọ sí Olúwa, ó sì san àádọ́ta ṣékélì fàdákà. Bàbá náà bọ́ gíláàsì ojú wọn, wọ́n ní, "Ìwọ ńkọ́, kí ni tìrẹ ná ọ?" Mo ronú, ronú. Omijé nìkan ló ná mi. Àwọn àbúrò mi ló san ìyókù, wọn ò sì mọ̀ pé àwọn ń rúbọ.

Mo ní, "Ṣùgbọ́n bàbá, ọkàn mi mọ́." Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni, àwọn gbà bẹ́ẹ̀. Wọ́n wá kà fún mi nínú 2 Kíróníkà orí 30, nípa àjọ ìrékọjá Hesekáyà, bí ọ̀pọ̀ èèyàn láti Éfúráímù àti Mánásè ṣe jẹ ẹ́ láìwẹ ara wọn mọ́ bí a ti kọ ọ́. Ọkàn wọn ń wá Ọlọ́run, síbẹ̀ Hesekáyà ò sọ pé kò séwu. Ó bẹ̀bẹ̀ fún ìdáríjì, Olúwa sì gbọ́, ó mú àwọn èèyàn náà lára dá. Ẹsẹ yìí ni mo dì mú wọ òru kejì. Mi ò rán Ọlọ́run létí irúgbìn kankan mọ́. Mo kàn ń sọ pé, "Olúwa, mo jalè. Jọ̀ọ́, má jẹ́ kí màmá san án fún mi."

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ibà ti ń lọ sílẹ̀. Mi ò sọ pé torí mo jẹ́wọ́ ni. Àwọn nọ́ọ̀sì ò sùn, oògùn sì ṣiṣẹ́ tirẹ̀. Ọlọ́run ni mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún gbogbo rẹ̀ pátá.

Alàgbà náà gbé ọ̀rọ̀ mi dé iwájú ìgbìmọ̀ pẹ̀lú àṣẹ mi, wọ́n sì dá èyí tí wọn ò tíì ná padà. Wọn ò jiyàn, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn gidigidi. Èyí tó ti di òrùlé, èmi ni mò ń san án fún àwọn àbúrò mi díẹ̀díẹ̀. Títí di òní, bí mo bá gbójú sókè nínú ìsìn, mo máa ń wo páànù náà, mo mọ owó ẹni tó rà á. Àbúrò mi ọkùnrin tó tẹ̀ lé obìnrin yẹn ò tíì bá mi rẹ́rìn-ín bíi ti tẹ́lẹ̀. Mi ò bá a wí.

Ohun tó kàn ni pé iná kú lára mi. Mo kọ̀wé fi ìgbìmọ̀ sílẹ̀, mo ń jókòó lẹ́yìn pátápátá, bí wọ́n bá ń kọrin mo ń wo ìwé. Mo ní ìtara ló kó bá mi, èmi àti ìtara ti parí. Ó dà bí ọgbọ́n lójú mi nígbà yẹn.

Ẹni tó gbà mí lọ́wọ́ ìyẹn ni màmá fúnra wọn. Mo ti bẹ̀ wọ́n, wọ́n sì ti dá mi lóhùn pé, "Mo ti dárí jì ọ́, lọ bá àwọn àbúrò ẹ." Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà tí wọ́n ti wà lórí ibùsùn, mò ń ka ìtàn Úsà sí wọn létí, 2 Sámúẹ́lì orí 6. Mo ń kà á bí ẹni tó ń ka ẹjọ́ ara rẹ̀: ẹgbàá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún àṣàyàn ọkùnrin, dùùrù, ìlù, gbogbo ìjọ fọwọ́ sí i, wọ́n gbé àpótí ẹ̀rí sórí kẹ̀kẹ́ tuntun, Úsà na ọwọ́ mú un nítorí màlúù kọsẹ̀, ó sì kú síbẹ̀. Mo ṣàlàyé fún wọn pé àwọn Filísínì ló kọ́kọ́ gbé àpótí náà sórí kẹ̀kẹ́ tuntun. Nínú Nọ́ḿbà orí 7, Mósè pín kẹ̀kẹ́ mẹ́fà fún àwọn ọmọ Léfì, méjì fún Gáṣónì, mẹ́rin fún Mérárì, kò fún àwọn ọmọ Kóhátì ní ẹyọ kan, torí èjìká ni wọ́n gbọ́dọ̀ fi ru ohun mímọ́. Ó wà lákọọ́lẹ̀ látọjọ́ pípẹ́. Ẹnikẹ́ni ò ṣí i wò. Ẹ̀rù ba Dáfídì, ó sì fi àpótí náà sílẹ̀ ní ilé Obedi-Edomu fún oṣù mẹ́ta.

Màmá ní, "Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta ńkọ́?"

Mo ní Dáfídì padà wá gbé e. Mo ka 1 Kíróníkà orí 15, níbi tó ti sọ pé àwọn ò wá Ọlọ́run bí ìlànà rẹ̀ ti wí nígbà àkọ́kọ́, àti bí àwọn ọmọ Léfì ṣe fi ọ̀pá ru ú lé èjìká.

"Ṣé ó tún jó?"

"Ó jó, màmá. Ó jó pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀."

"Bíi ti àkọ́kọ́?"

Mo wò ó. Ní orí 13, pẹ̀lú gbogbo agbára wọn ni wọ́n ṣeré níwájú Ọlọ́run. Mo ní, "Bíi ti àkọ́kọ́, màmá."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di ikọ́. "Kẹ̀kẹ́ ni Ọlọ́run ní kó gbé kúrò. Ta ló ní kí ìwọ lọ gbé ijó kúrò?"

Mi ò lè dáhùn. Mo ti wà ní ilé Obedi-Edomu, mo sì fẹ́ kọ́lé síbẹ̀. Pọ́ọ̀lù sọ nípa àwọn èèyàn rẹ̀ pé wọ́n ní ìtara fún Ọlọ́run, ṣùgbọ́n kì í ṣe gẹ́gẹ́ bí ìmọ̀. Kò sọ pé kí wọ́n jù ú nù. Mo ti padà sídìí títo àga báyìí. Aago mẹ́jọ ni mo ṣì ń dé. Bí mo bá fẹ́ fi nǹkan tọrẹ, mo máa ń bi ara mi léèrè ìbéèrè alàgbà yẹn, bó bá sì kan ẹlòmíràn, máa pe onítọ̀hún lórí fóònù kí n tó dìde. Ó máa ń gba àkókò. Ìgbà mìíràn, kí n tó pè wọ́n tán, wọ́n ti gba ọrẹ kọjá.

Ní ọjọ́ ìdúpẹ́ yẹn, nígbà tí agogo ti lù mí jókòó, wọ́n pe màmá. Irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin ni wọ́n fi ń rìn. Wọ́n kọ̀ kí n di àwọn mú. Láti orí àga wọn dé iwájú, ó gbà wọ́n ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, ẹni tó di agogo mú sì gbé e sílẹ̀. Wọn ò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Wọ́n ní kí akọrin dá orin kan fún àwọn. Ẹsẹ̀ ò tíì gbà wọ́n, wọ́n sì di irin náà mú pinpin, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi èjìká jó.