Fíìmù Ṣáínà nínú kíláàsì hístrì

Ẹ̀yin tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ ká máa fi fíìmù kọ́ àwọn ọmọ yìí ní hístrì o. Ní Kubwa níbí, mo gbé Hero, fíìmù tí Zhang Yimou ṣe ní 2002 nípa àwọn tó fẹ́ pa ọba Qin, ìjọba kan ní Ṣáínà àtijọ́, sí i fún SS2, àwọn tó máa ń sùn gan-an lajú sílẹ̀. Àmọ́ fíìmù nìkan ò tó, àròsọ pọ̀ nínú ẹ̀: kì í ṣe ẹni inú fíìmù yẹn, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Jing Ke ló gbìyànjú láti pa ọba Qin lóòótọ́ ní 227 ṣáájú ìbí Jésù, kò rí i pa, ọba yẹn sì so Ṣáínà pọ̀ ní 221. Níbi tí ọfà ti ń rọ̀ bí òjò ni mo ti máa ń dá a dúró, màá ní ṣé akọni l'ọba yìí? Ọ̀kan ní apààyàn ni, èkejì ní òun ló jẹ́ kí gbogbo ará Ṣáínà máa lo ìkọ̀wé kan náà, ariwo sọ!