Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nídìí ínhélà màámi

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní òbí tó ń fa ínhélà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má ṣe irú nǹkan tí mo ṣe o. Ó lé lọ́gbọ̀n ọdún tí màámi fi dín gàrí níbí l'Óṣogbo, igi ni wọ́n ń dá sí i, wọn ò fa sìgá rí láyé wọn. Nígbà tí ikọ́ bẹ̀rẹ̀ a ní ikọ́ fée ni, wọ́n yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ wò, kò sí nǹkan kan, ẹlòmíì tiẹ̀ ní ayé ló ń ṣe wọ́n. Ìgbà tí wọ́n ní kí wọ́n fẹ́ èémí sínú ẹ̀rọ la tó mọ̀ pé COPD ni, ìyẹn àìsàn ẹ̀dọ̀fóró tó ń dí ọ̀nà èémí, tí èéfín igi náà lè fà, èémí tó jáde ní sẹ́kọ́ǹdù àkọ́kọ́ ò tó 70 nínú 100 gbogbo èyí tí wọ́n fẹ́ síta.

Wọ́n fún wọn ní ínhélà tí steroid, oògùn tó ń mú kí ara tó wú rọlẹ̀, wà nínú ẹ̀ pẹ̀lú oògùn tó ń la ọ̀nà èémí. Èmi rò pé ẹ̀dọ̀fóró máa padà sípò ni. Lọ́dún kejì wọ́n tún un fẹ́, nọ́ńbà ò gòkè, ó tiẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀, mo ní áà, owó wa ti wọgbó, ẹ sì mọ bí ínhélà ṣe wọ́n tó láti 2023. Mo bá dá a dúró, n ò bi ẹnì kankan. Ọyẹ́ dé, ẹ̀ẹ̀mejì la gbé wọn digbadigba lọ ọsibítù. Èkejì yẹn, òru ni, wọ́n jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n fọwọ́ méjèèjì ti orúnkún, orúkọ mi lásán wọn ò lè pè é tán lẹ́ẹ̀kan.

Dókítà ní ta ló sọ fún mi pé nọ́ńbà ló máa gbé sókè? Ó ní ìwádìí kan jáde nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 2000, èèyàn 751, ọdún mẹ́ta, ẹ̀dọ̀fóró àwọn tó ń fa steroid ń lọ sílẹ̀ bíi ti àwọn tí ò fà á, àmọ́ kí àìsàn yẹn ṣàdédé ru sókè dín kù ní bí ìdá kan nínú mẹ́rin. Iṣẹ́ ẹ̀ nìyẹn. Ó tún kìlọ̀ pé steroid yẹn lè fa òtútù àyà, tí ibà bá ti dé, ká má jókòó sílé.

Àti ahọ́n wọn tó funfun bí ẹni lá ògì, tí mo rò pé tíì gbígbóná ló fà á, ínhélà náà ni, ó yẹ kí wọ́n máa fi omi yọ ẹnu kí wọ́n tu ú dànù tí wọ́n bá fà á tán, a ò ṣe bẹ́ẹ̀.

Mo ti wó ààrò ẹ̀yìnkùlé. Àmọ́ tí n bá jáde báyìí, ìdí ààrò aládùúgbò ni wọ́n ń lọ jókòó sí, wọ́n ní àwọn kàn lọ kí wọn ni.