Ohun Tó Ń Mú Òpó Bàlúùnù Dúró

Òpó bàlúùnù méjì tí mo kọ́kọ́ gbowó ṣe kò dúró ju wákàtí méjì lọ kí atẹ́gùn tó gbé wọn ṣubú lu tábìlì kéèkì, níbi ọjọ́ ìbí ọmọ ọdún kan ní Ìbàdàn. Ìyá ọmọ náà kò bá mi wí, ṣùgbọ́n ojú tí àwọn ẹbí rẹ̀ fi wò mí tó ìbáwí. Èrò mi nígbà náà ni pé bí bàlúùnù bá ti pọ̀, tí mo sì fẹ́ atẹ́gùn sí wọn títí wọ́n fi kún bámúbámú, iṣẹ́ ti parí.

Ìdí òpó ni mo ti ń bẹ̀rẹ̀ báyìí. Mo máa ń ri páìpù oníke tí àwọn oníṣẹ́ iná ń lò sínú ike ọ̀dà tó ti ṣófo, n ó sì da kọnkéré yí i ká, tàbí kí n fi yanrìn tútù kì í bí kọnkéré kò bá ní ráyè gbẹ. Omi lásán wúwo lóòótọ́, ṣùgbọ́n páìpù kò ní yé mì nínú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìwọ̀n ni ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣìṣe. Bàlúùnù oní-íǹṣì 12 ni mo sábà máa ń rà, n kì í sì í jẹ́ kí ó kọjá íǹṣì 10. Mo gé ihò oní-íǹṣì 10 sára páálí kan. Bàlúùnù kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ gba ibẹ̀ kọjá, kí ara rẹ̀ sì kan etí ihò náà fẹ́ẹ́rẹ́. Èyí tó bá há, n ó jẹ́ kí atẹ́gùn rẹ̀ dín, nítorí pé bí ẹyọ kan bá tóbi ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, àwọn tó wà lókè rẹ̀ kò ní jókòó dáadáa, òpó yóò sì wọ́. Èyí tó rí roboto ló lè fara da títẹ̀. Èyí tó ti gùn lọ́rùn bí èso píà ti kún jù, awọ rẹ̀ sì ti nà tán.

Mo máa ń so ọrùn bàlúùnù méjì pọ̀ láìlo okùn, n ó fi méjì dábùú méjì, n ó sì lọ́ wọn mọ́ra kí wọ́n di ìdì ẹlẹ́yọ mẹ́rin. Bí mo bá ti ti ìdì náà mọ́ páìpù, n ó mú ẹyọ kan láti ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, n ó lọ́ wọn mọ́ ara wọn kí wọ́n lè gbá páìpù mú. Ìdì tó kàn gbọ́dọ̀ bọ́ sínú àlàfo ti ìsàlẹ̀, bí ìgbà tí ìyá ọlọ́sàn bá ń to ọsàn lórí àtẹ. Òpó tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 5 máa ń gba bí ìdì 8 tàbí 9, bí mo bá ń fi ọwọ́ tẹ̀ wọ́n sísàlẹ̀ dáadáa.

Lójú oòrùn, atẹ́gùn inú bàlúùnù a máa wú sí i, dúdú sì ń gba ooru ju funfun lọ. Bí oníbàárà bá yan dúdú àti wúrà fún ìnáwó ìta gbangba, íǹṣì 9 ni mo ń dá a dúró sí. Mo tún máa ń sọ fún un ṣáájú pé dídán awọ rọ́bà náà yóò pa rẹ́ láàárín wákàtí díẹ̀, kí ó má baà rò pé ọjà àlòkù ni mo kó wá. Orí koríko kọ́ ni mo sì ń kó wọn lé, nítorí ṣóńṣó orí rẹ̀ ń bẹ́ wọn. Tapólì ni mo ń tẹ́ sílẹ̀.

Kí n tó fi ibẹ̀ sílẹ̀, n ó di orí páìpù mú, n ó mì í gidigidi. Bí ike bá fẹ́ gbéra nílẹ̀, n ó gbé àpò yanrìn kan lé e, n ó sì fi aṣọ tábìlì bò ó.